Ẹkùn Inú Ìwé

Ẹ̀yin èèyàn mi nínú Olúwa, ẹ kú ọ̀sẹ̀, ẹ sì kú ìnáwó ìkórè. Ọ̀rọ̀ ẹkùn ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ẹkùn tiwa tó ní àmì tótòtó lára o, táígà ni, èyí tó ní ilà lára tó wà ní Íńdíà lọ́hùn-ún, màá kàn máa pè é ní ẹkùn kí n má baà fi táígà sú yín.

Igbó kan wà ní Rajasthan tí wọ́n ń pè ní Sariska. Ìjọba yà á sọ́tọ̀ fún ẹkùn, òfin ti wà láti 1972 pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á, ẹni tó bá pa á á ṣẹ̀wọ̀n, wọ́n gba gáàdì síbẹ̀, gáàdì ń gbowó oṣù. Bí wọ́n ṣe máa ń kà á ni pé wọ́n á wo ipa ẹsẹ̀ ẹkùn nílẹ̀, wọ́n á wá kọ iye ẹ̀ sínú ìwé. Lọ́dún 2004, wọ́n kọ ọ́ pé ó ń lọ sí bíi 16 sí 18. Nígbà tó fi máa di 2005 táwọn èèyàn wọgbó lọ wá a, wọ́n wá a wá a, ẹyọ kan ò sí! Odindi igbó. Àwọn apẹran ti kó wọn tán, bírò ṣì ń kọ 16. Kí n sọ òótọ́, mi ò bínú sáwọn apẹran yẹn tó bí mo ṣe bínú sí bírò yẹn.

Èyí tó lórúkọ jù nínú àwọn tó ń fi ẹkùn ṣòwò ni Sansar Chand. 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ mú un, ọmọdé ṣì ni nígbà yẹn. Ó dé kọ́ọ̀tù, ó jáde, ó padà sídìí òwò, wọ́n tún mú un, ó tún gba béèlì, ẹjọ́ ń falẹ̀, ọdún ń gorí ọdún títí di 2005 tọ́wọ́ wá tẹ̀ ẹ́ gidi, òun fúnra ẹ̀ ló sì jẹ́wọ́ fáwọn aṣèwádìí ìjọba pé awọ ẹkùn 470 lòun ti tà. Ẹ ṣí Oníwàásù 8:11 nílé, pé nígbà tí ìdájọ́ ò bá tètè dé, ibi á máa wu ọmọ aráyé ṣe.

Egungun ẹkùn làwọn kan ń rẹ sínú ọtí ní Ṣáínà, bẹ́ẹ̀ láti 1993 nìjọba ibẹ̀ ti fòfin de òwò egungun ẹkùn. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó máa bú wọn, ẹ rọra yà nísọ̀ lẹ́kulẹ́ku nínú ọjà wa, kẹ́ ẹ wo awọ tó wà níbẹ̀. Ìpẹ́ akika tí wọ́n ń kó gba Èkó lọ sí Éṣíà náà ńkọ́? Ó ju tọ́ọ̀nù 7 tí kọ́sítọ̀ọ̀mù gbá mú ní Lekki lọ́dún 2021.

Lẹ́yìn ìtìjú Sariska, kámẹ́rà ni wọ́n wá ń dè mọ́ igi láti fi ka ẹkùn, torí ilà ara ẹkùn kan ò jọ ti èkejì, kámẹ́rà ò sì mọ ọ̀gá kankan tó fẹ́ tẹ́ lọ́rùn. Lọ́dún 2008 wọ́n fi hẹlikópítà gbé ẹkùn míì wá sí Sariska láti Ranthambore, igbó ẹkùn míì ní Rajasthan.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí nìyẹn, Ẹ̀mí Mímọ́ ò gbà fún mi. Ìròyìn tá a fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì àgbègbè lóṣù tó kọjá, 210 la kọ pé à ń wá sísìn, èmi náà ni mo buwọ́ lù ú. Ẹ̀yin ẹ mọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, àga 150 la ní, ìgbà wo ló kún kẹ́yìn? Mọ́mì tí wọ́n máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, ó ti tó oṣù mẹ́ta tá a ti rí wọn, ẹnì kankan ò lọ wò wọ́n, báwo la ṣe máa lọ, nígbà tí wọ́n ṣì wà nínú 210?

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá mo ní kí ọ́ṣà méjì kà wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. 94 ni. Òun la fi ránṣẹ́. Ẹgbẹ́ ìbẹ̀wò, ẹ dúró dè mí lẹ́yìn ìsìn lónìí, ilé Mọ́mì la máa kọ́kọ́ yà.