Lẹ́tà táàmù kejì sí àwọn òbí: bá a ṣe máa pín àwọn ọmọ fún ìdíje dísìkì gọ́ọ̀fù

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú ọdún tuntun o, ẹ sì kú ìnáwó ọdún. Àwọn ọmọ ti wọlé padà láyọ̀, ọyẹ́ Àbújá yìí ń mú gan-an, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa wọ súẹ́tà fún wọn láàárọ̀. Owó iléèwé, ẹni tó bá fẹ́ san án díẹ̀díẹ̀ kó lọ bá básà sọ̀rọ̀. Déètì ìsinmi àárín táàmù wà lórí káléńdà tá a fi rán àwọn ọmọ. Lẹ́tà Òyìnbó tó sọ gbogbo ìyẹn wà nínú báàgì wọn, èyí tí mò ń kọ yìí, ẹ̀yin òbí tá a jọ ń sọ Yorùbá ni mo kọ ọ́ sí, torí láàárín wa ni ọ̀rọ̀ dísìkì gọ́ọ̀fù ti gbóná jù.

Fún àwọn tí ò tíì wá wo ó: apẹ̀rẹ̀ 9 ló wà ní pápá ẹ̀yìn iléèwé, lábẹ́ àwọn igi dongoyaro yẹn, wẹ́dà kan ní Kubwa ló bá wa jó wọn. Ọmọ á ju dísìkì, ìyẹn àwo ike pẹrẹsẹ tó ń fò, láti ibi tá a sàmì sí, ibi tó bá balẹ̀ sí ni á ti tún un jù, bẹ́ẹ̀ ni á máa ṣe é lọ títí tó fi máa wọ inú apẹ̀rẹ̀, ẹni tí ìjù ẹ̀ bá kéré jù tó bá parí gbogbo ẹ̀ ló gbégbá orókè. Ará Amẹ́ríkà kan, Ed Headrick, ló ṣe irú apẹ̀rẹ̀ onírin tó ní ṣéènì yẹn, òun náà ló dá PDGA sílẹ̀ ní 1976, ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin eré yìí títí dòní. Ẹ fi orúkọ PDGA yẹn sọ́kàn, mo ṣì máa padà síbẹ̀.

Látìgbà tí mo ti kéde pé eré yìí máa wà nínú íńtà-háúsì wa, fóònù mi ò sinmi. Bàbá kan ní kí n fi ọmọ òun sí gúrúùpù Pro torí ọmọ náà ga, ó sì lápá. Màmá kan ní ọmọ òun ò ní wà níbi tí wọ́n ń pè ní Bìgínà láéláé, àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ á fi ṣe yẹ̀yẹ́ dọ́jọ́ ìparí. Ẹnì kan ní ká má da ọmọbìnrin òun pọ̀ mọ́ ọkùnrin, ẹlòmíì ní kí ló dé tí ọmọbìnrin tòun ò lè bá ọkùnrin díje nígbà tó jẹ́ pé ó ń nà wọ́n ní práktíìsì. Ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè, inú mi sì dùn pé ẹ ń béèrè, torí ọ̀rọ̀ ọmọ ni.

Ibi tí mo dúró sí nìyí: orúkọ gúrúùpù ò gbọ́dọ̀ yin ọmọ, kò sì gbọ́dọ̀ bú ọmọ, kó ṣáà sọ ẹni tó lè wọ ibẹ̀.

Mo wà ní pápá lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí ọmọ JSS 2 kan ń jù. Ó dúró dáadáa, ó yí ìdí, ó jù ú, dísìkì yẹn lọ pẹrẹsẹ, atẹ́gùn ọyẹ́ fẹ́ gbé e yà sápá òsì, ó tún padà, ó gbá ṣéènì ó dún ṣárá, ó sì jókòó sínú apẹ̀rẹ̀. Gbogbo pápá pariwo. Ọmọ SS 1 kan wá ní, "Áà, àwọn Bìgínà náà ti ń wọlé o!" Ojú ọmọ yẹn yí padà lójú ẹsẹ̀, ó lọ mú dísìkì ẹ̀ ó lọ jókòó sídìí igi, kò jù mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Iléèwé ò fún gúrúùpù kankan lórúkọ nígbà yẹn o, àwọn ọmọ ló ń fún ara wọn, àwọn tí wọ́n sọra wọn ní Pro náà ò fẹ́ ṣe práktíìsì mọ́ torí wọ́n gbà pé àwọn ti débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní fi orúkọ yìí sílẹ̀ fẹ́nikẹ́ni.

PDGA fúnra wọn ti rin ọ̀nà yìí kọjá. Nígbà kan, ẹni tó bá ti pé 40 ọdún wọ́n á ní Master ni, ẹni 50 Grandmaster, ẹni 70 Legend. Lónìí MP40, MP50, MP70 ni wọ́n ń kọ, o rí i, o ti mọ ẹni tó wà ńbẹ̀. Ti àwọn ọmọdé rọrùn jùyẹn lọ: MJ18, MJ15, MJ12, MJ10, títí dé MJ06, nọ́ńbà yẹn ni ọjọ́ orí tí ọmọ ò gbọ́dọ̀ kọjá. Tí F bá wà níwájú, obìnrin nìkan ló ni ín, tó bá jẹ́ M, ó ṣí sílẹ̀ fún tọkùnrin tobìnrin, kì í ṣe ti ọkùnrin nìkan bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò.

Àwọn àgbà tí kì í ṣe pro ńkọ́? Rétíǹgì ni wọ́n fi ń pín wọn, ìyẹn nọ́ńbà tó ń ga sí i bí èèyàn bá ṣe ń mọ̀ ọ́n jù sí i. MA2, ẹni tí rétíǹgì ẹ̀ ò tó 935, MA3, ẹni tí ò tó 900, MA4, ẹni tí ò tó 850. Kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó sí ọ́fíìsì tó ní lágbájá mọ̀ ọ́n jù, tàmẹ̀dù ò mọ̀ ọ́n jù, iye ìjù tí èèyàn ti jù ní àwọn ìdíje tó lọ ni wọ́n ń ṣírò. Òfin wọn tó wù mí jù ni pé èèyàn lè gòkè lọ bá àwọn tó jù ú lọ nígbàkígbà tó bá fẹ́, àmọ́ kò lè sọ̀ kalẹ̀ lọ máa na àwọn tí ò tó o kó lè kó ẹ̀bùn wọn. Òfin gidi nìyẹn, a sì máa lò ó níbí.

Torí náà, gúrúùpù tiwa á máa jẹ́ Ọdún 12, Ọdún 15, Ọdún 18, àti Gbogboogbò. Iye ọdún tí ọmọ máa pé ní December 31 ọdún yìí la máa kà, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa ṣírò oṣù. Ọmọ ọdún 12 tó bá láyà, kó wọ Ọdún 15 tàbí Gbogboogbò, kò sẹ́ni tó máa dá a dúró, àmọ́ ọmọ 16 ò lè padà sí 15, ì báà kúrú bí i ìka. Àwọn Ọdún 15 ló pọ̀ jù, bí gbogbo JSS ṣe fẹ́ wà ńbẹ̀ nìyẹn, torí náà a máa pín wọn sí méjì pẹ̀lú káàdì práktíìsì wọn, àwọn tó ń fi ìjù 36 tàbí iye tó dín sí i parí apẹ̀rẹ̀ 9, àtàwọn tó ń lò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ tí wọ́n á máa jẹ́ náà nìyẹn, "36 sísàlẹ̀" àti "37 sókè". Ọmọ tó wà ní 37 lọ́sẹ̀ yìí lè wà ní 35 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á sì fojú ara ẹ̀ rí i lórí káàdì.

Ti àwọn ọmọbìnrin: gúrúùpù tiwọn wà ní ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọdún 13, 14, apá àwọn ọkùnrin máa ń le sí i, dísìkì wọn á máa lọ jìnnà, kò dáa ká fipá ní kí gbogbo ọmọbìnrin máa bá wọn fà á. Àmọ́ èyí tó bá fẹ́ bá ọkùnrin jù, ẹ jẹ́ kó lọ, mo bẹ̀ yín. Gúrúùpù tí ọmọ inú ẹ̀ ò bá pé mẹ́rin, a máa dà á pọ̀ mọ́ èyí tó wà lókè ẹ̀. Àwọn kan ti ní ká tún pín wọn nípa kíláàsì àti háúsì kí kọ́ọ̀pù lè pọ̀. Rárá o. Ọmọ tó gba kọ́ọ̀pù láàárín ọmọ méjì mọ̀ nínú ara ẹ̀ pé òun ò bá ẹnikẹ́ni díje.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, ẹ má bínú, mi ò ní gbàgbàkugbà. Ẹ rántí 2009 tí wọ́n gbé ife àgbáyé U-17 wá sí Nàìjíríà, tí wọ́n gba àṣekágbá níbí ní Àbújá tí Switzerland fi góòlù kan ṣoṣo nà wá. Ìdíje yẹn ni FIFA ti ń fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ torí irọ́ ọjọ́ orí. Mi ò fẹ́ kí ọmọ wa kankan kọ́ irú ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Fọ́tókópì satifíkéètì ọjọ́ ìbí láti National Population Commission la fẹ́, kó dé ọ́fíìsì mi kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tí tiẹ̀ ti sọnù kó wá rí mi, a jọ máa wá nǹkan ṣe sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe tíṣà eré ìdárayá lálẹ́ mọ́ lórí gúrúùpù ọmọ yín, èmi ni kẹ́ ẹ pè. Tí ààwẹ̀ Ramadan bá ti bẹ̀rẹ̀, àárọ̀ kùtùkùtù ni práktíìsì máa wà kí oòrùn tó mú, ọmọ tó bá ń gbààwẹ̀ tó rẹ̀ ẹ́, kó jókòó, kò ní pàdánù àyè ẹ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú fìlà àti ike omi wá, kẹ́ ẹ sì bá wọn fi máákà kọ orúkọ sẹ́yìn dísìkì wọn.

Prínsípà yín