Ẹ́ńjìnnì ńlá kọ́ ni alùpùpù ọ̀nà jíjìn

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi gbé bíírò. Ẹni tó kọ ọ́ ní kí ìjọba ṣáà ti pàṣẹ pé alùpùpù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò bá tó 200cc (cc ni ìwọ̀n ààyè inú sílíńdà ẹ́ńjìnnì) kò gbọdọ̀ gun ọ̀nà márosẹ̀, wàhálà ti tán nìyẹn. Èyí tó bá sì ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti yẹ fún ọ̀nà jíjìn. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Ṣé cc ló ń fa bírékì ni? Ṣé cc ló máa mú ọwọ́ alùpùpù dúró nígbà tí tírélà bá sáré kọjá, tí atẹ́gùn rẹ̀ gbá ẹni tó ń gùn ún lẹ́gbẹ̀ẹ́?

Mi ò bá a wí jù. Ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ wa ló ti kọ́ ọ. Òfin ìrìnnà ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2012, èyí tó lé ọ̀kadà kúrò lójú títì 475, 200cc náà ló fi ṣe ààlà fún àwọn tó ń fi alùpùpù jíṣẹ́. Ó lè dára bẹ́ẹ̀ fún ìgboro. Ṣùgbọ́n ó ti wá di pé ẹni yòówù tí wọ́n bá fi sí ọ́fíìsì ìrìnnà, cc nìkan ló mọ̀ ọ́n kà. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ wo táyà. Wọn kì í wo ibi tí ẹrù wà. Ẹ lọ dúró ní Ọ̀jọ́ọ̀ n'Ìbàdàn láàárọ̀ kùtù, kí ẹ wo àwọn tó dorí kọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́: wẹ́dà ti jó irin gbọọrọ mọ́ ìdí alùpùpù, jẹnẹrétọ̀ wà lórí irin, àpò ìrẹsì wà lórí jẹnẹrétọ̀, èrò sì há sí àárín ẹrù àti ẹni tó ń gùn ún. Táyà iwájú ń fò bí ẹsẹ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Kò sẹ́ni tó máa dá a dúró, àfi bí kò bá ní nọ́ńbà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ alùpùpù ọ̀nà jíjìn, kó wo bí àwọn ará Japan ṣe ṣe Honda Gold Wing. Lọ́dún 1972, àwọn oníṣẹ́ tí Soichiro Irimajiri ń darí kọ́kọ́ ṣe ọ̀kan tí wọ́n sọ ní M1 láti fi dán an wò. Sílíńdà mẹ́fà ló ní, ó sì tó 1,470cc. Tó bá jẹ́ pé cc lọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ ni wọn ì bá dúró sí. Wọn ò dúró. Ẹ́ńjìnnì náà gùn, jíà tún wà lẹ́yìn rẹ̀, àyè ìjókòó wá há. Wọ́n gbé e tì, wọ́n dín in sí sílíńdà mẹ́rin, 999cc, wọ́n sì kó jíà sábẹ́ kíráńkì, irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, kó má baà gba ààyè lẹ́yìn. Èyí ni GL1000, Gold Wing àkọ́kọ́, tí wọ́n gbé jáde níbi ìpàtẹ ní Cologne, ní Jámánì, lóṣù kẹwàá 1974, tó sì dọ́jà lọ́dún 1975. Èyí tó tóbi wà lọ́wọ́ wọn, èyí tó kéré ni wọ́n tà!

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n náwó lé. Àwọn sílíńdà yẹn sùn sílẹ̀, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, kí ìwúwo má baà wà lókè. Méjì wà níwájú, méjì fara pamọ́ sẹ́yìn wọn. Bó bá jẹ́ atẹ́gùn ló fẹ́ tu ẹ́ńjìnnì lára, àwọn tiwájú á máa gbafẹ́, àwọn tẹ̀yìn á máa jóná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lo omi àti redíétọ̀. Ohun tí ojú rí bíi tànkì epo lókè, tànkì kọ́ ni. Fíltà atẹ́gùn àti àwọn nǹkan iná ló wà níbẹ̀. Abẹ́ ìjókòó ni epo gan-an wà, kó lè jẹ́ pé yálà tànkì kún tàbí ó gbẹ, bí alùpùpù ṣe ń yà kò ní yí padà púpọ̀. Ṣáàfù ló ń yí táyà ẹ̀yìn, kì í ṣe ṣéènì, nítorí ṣéènì ìta ń fẹ́ ọ́ìlì ní bíi gbogbo kìlómítà 500, ó sì ń fẹ́ fífà bó bá dẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí ìrìn kìlómítà 3,000 kò lè máa bẹ̀rẹ̀ sídìí ṣéènì lójoojúmọ́.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí mo máa ń gbóríyìn fún wọn lé lórí. Ẹ́ńjìnnì tí kíráńkì rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn máa ń fẹ́ da alùpùpù sí ẹ̀gbẹ́ kan bí èèyàn bá ṣàdédé fún un níná. Wọ́n mú alternator, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná, wọ́n jẹ́ kó máa yí sí òdìkejì kíráńkì, èkíní sì pa agbára èkejì. Ẹni tó ń gùn ún lè má mọ̀ láéláé pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Iṣẹ́ ọpọlọ nìyẹn, kì í ṣe cc.

Wọ́n ṣàṣìṣe náà o. GL1000 kò ní gíláàsì àti ìbòrí tó ń gba atẹ́gùn níwájú, kò sì ní àpótí ẹrù. Àwọn ará Amẹ́ríkà ra Windjammer, ìbòrí tí Craig Vetter ń ṣe, wọ́n so ó mọ́ ọn fúnra wọn. Ó di ọdún 1980 kí Honda tó ṣe GL1100 Interstate, tí ìbòrí àti àpótí ti bá a wá láti ilé iṣẹ́. Ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Marysville, ní Ohio, láàárín àwọn tó ń rà á jù.

Ètò iná mànàmáná rẹ̀ náà fìyà jẹ àwọn tó rà á. Lára GL1200 ti 1984, púlọ́ọ̀gì kan wà tí wáyà yẹ́lò mẹ́ta láti inú stator (apá alternator tí kì í yí, tí iná ti ń jáde) ń gbà kọjá. Bí ìpata bá mú ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ní di ara wọn mú dáadáa mọ́, ooru á dé, ike rẹ̀ á yọ́, bátìrì á sì kú sójú ọ̀nà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń gé púlọ́ọ̀gì náà dànù, wọ́n á so wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní tààrà, wọ́n á fi òjé jó o, wọ́n á sì fi rọ́bà wé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fi falẹ̀ títí stator fúnra rẹ̀ fi jóná, ó di kó sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ pátápátá, torí ìdí ẹ́ńjìnnì lápá ẹ̀yìn ni stator wà. Nígbà tí GL1500 dé lọ́dún 1988, wọ́n gbé alternator síta níbi tí ọwọ́ lè tó o. Ọdún yẹn ni sílíńdà mẹ́fà ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wá, ní 1,520cc, lẹ́yìn tí férémù, bírékì àti táyà ti tó o gbé. Ó ti wá wúwo débi pé wọ́n fi rìfáàsì sí i, sítátà ló sì ń fà á sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ síbi tó ń dùn mí jù. Ìwé àlàyé GL1800, alùpùpù tó lé ní kílò 350, sọ pé ẹrù inú àpótí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju kílò 9 lọ. Kílò mẹ́sàn-án péré! Alùpùpù tó ní 1,832cc nìyẹn o. Àwa wá ń gbé jẹnẹrétọ̀ kílò 40 sẹ́yìn 100cc, aláṣẹ ń wò ó, cc ló ń kà.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn jẹ́ mítà 1.25, bó ṣe sún mọ́ ti ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré. Ẹ gbé kílò 40 sórí irin tó yọ sẹ̀ǹtímítà 30 kọjá àárín táyà ẹ̀yìn. Kì í ṣe kílò 40 ni táyà ẹ̀yìn máa gbé: kílò 49.6 ni, nítorí ẹrù náà ń gbé iwájú sókè bí ọmọdé ṣe ń gbé ẹnìkejì sókè lórí pákó jangirọ́fà, ó sì yọ kílò 9.6 kúrò lórí táyà iwájú. Táyà iwájú ló ń tọ́ ọ̀nà, òun náà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bírékì. Bí ìwúwo bá kúrò lórí rẹ̀, ọwọ́ á fúyẹ́, ìdí á bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún sósì, bí eré bá sì ṣe ń pọ̀ ni jíjù náà ń pọ̀. Ẹ gbé kílò 40 kan náà sínú àpótí ẹ̀gbẹ́ méjì tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 20 síwájú àárín táyà ẹ̀yìn: 33.6 ló bọ́ sórí ẹ̀yìn, 6.4 bọ́ sórí iwájú. Ẹrù kan náà, cc kan náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n máa wọn alùpùpù. Wọn ò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Òṣùwọ̀n pẹpẹ irú èyí tí àwọn oníkòkó fi ń wọn àpò ti tó. Kí wọ́n wá pákó tó ga tó òṣùwọ̀n yẹn gẹ́lẹ́. Táyà iwájú á gun òṣùwọ̀n, tẹ̀yìn á gun pákó, kí alùpùpù lè tẹ́jú. Bí kò bá tẹ́jú, òṣùwọ̀n á parọ́. Kí ẹni tó ń gùn ún jókòó, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí irin ẹsẹ̀, kí èrò àti ẹrù wà níbi tí wọ́n máa wà lójú ọ̀nà. Kí ẹnì kan fi ìka méjì péré di ọwọ́ alùpùpù mú, kó má fara tì í. Kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n wá pààrọ̀ ìdúró òṣùwọ̀n àti pákó, kí wọ́n wọn ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ka ara táyà. Táyà 3.00-17 tí wọ́n kọ 50P sí lára, 50 yẹn túmọ̀ sí pé kílò 190 ló lè gbé, bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá pé. Tẹ̀yìn GL1800 ti 2001, 74 ló wà lára rẹ̀, kílò 375 nìyẹn. Ẹ wá fi èyí wo ọ̀kadà wa: alùpùpù kílò 115, ẹni tó ń gùn ún 70, èrò 65, jẹnẹrétọ̀ 40 lórí irin tí wẹ́dà jó. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 290. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, iwájú á gbé nǹkan bíi 76, ẹ̀yìn á gbé 214. Táyà ẹ̀yìn ti fi kílò 24 kọjá ohun tó lè gbé. Bí wọ́n bá kó ẹrù náà sí àpótí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn á bọ́ sí 198, ó ṣì ju. Kí ẹrù dín sí 30 kó tó wọ abẹ́ 190. Àbá mi ni pé alùpùpù tí táyà iwájú rẹ̀ kò bá gbé tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìwúwo, kí wọ́n dá a padà, ìbáà jẹ́ 100cc, ìbáà jẹ́ 1,000cc. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní tán lórí ẹyọ kan. Kí wọ́n kọ iye tí wọ́n fàyè gbà sórí páànù pélébé, kí wọ́n kàn án mọ́ ọrùn alùpùpù, kí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà lè kà á.

Ìyókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí wọ́n fòfin de irin tó bá kọjá àárín táyà ẹ̀yìn. Kí wọ́n máa wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára táyà tòkunbọ̀: 2314 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014, kò sì yẹ kírú rẹ̀ tún jáde lọ́jà. Àwọn tó ń kó páàtì wọlé tí wọ́n ń tò ó pọ̀ níbí, kí wọ́n gba ẹnì kan tó mọ ìṣirò férémù síṣẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ní ọ́fíìsì kan á ka èyí, á ní kí wọ́n kúkú fòfin de gbogbo alùpùpù lójú márosẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tí kò rówó ọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìbàdàn á ṣì gun ọ̀kadà, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni á kàn gbà.

Olóòtú, bí ẹ bá máa dín lẹ́tà yìí kù kó lè gba ojú ìwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé èébú mi, ẹ má gé ìṣirò rẹ̀.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn