Ẹ má tíì fọ́máàtì kọ̀ǹpútà tó ń kú láàárín géèmù

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka èsì tí ojú-ewé ìmọ̀ ẹ̀rọ yín fún òǹkàwé tó ní kọ̀ǹpútà kékeré òun máa ń kú bí géèmù bá ti ń dùn. Èsì yẹn kò gùn rárá: ooru ni, kó lọ ra fáànù ńlá, bí kò bá gbọ́, kó fọ́máàtì rẹ̀, ìyẹn kó nu gbogbo inú rẹ̀ nù. Àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe jẹun, àwọn kékeré bẹ́ẹ̀ ló sì pọ̀ jù lórí tábìlì mi. Fáànù ńlá wo la fẹ́ kì bọ inú àpótí tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ (pátákó tí àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ so mọ́) kò ju sẹ̀ǹtímítà 17 níbùú àti lóròó? Ti fọ́máàtì yẹn ló tún wá burú jù. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Bó bá jẹ́ pé iná ni kò tó káàdì àwòrán, ìyẹn ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán géèmù jáde, ẹ fọ́máàtì rẹ̀ tán, fáìlì á ti lọ, àrùn á ṣì wà níbẹ̀.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá gbé tirẹ̀ wá ni pé, báwo ló ṣe ń kú? Wọ́n á ní, “Ó kàn ń kú ni, ẹ̀gbọ́n.” Kò tíì tó. Ṣé ó ń pa lójijì, tó sì tún ń tan ara rẹ̀? Ṣé àwòrán ló dúró sójú kan, tí ohùn wá ń ké rírírírí? Ṣé géèmù nìkan ló jáde, tí Windows ṣì wà digbí? Àbí ojú rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n ẹ ṣì ń gbọ́ ohùn àwọn tí ẹ jọ ń gbá a? Ikú wọ̀nyí yàtọ̀ síra, ohun tó sì ń fà wọ́n yàtọ̀.

Èyí tó ń pa lójijì, iná ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí. Káàdì àwòrán tí wọ́n kọ wáàtì 200 sí lára kì í fi gbogbo ìgbà jẹ 200. Bí géèmù bá gbóná, ó lè fà jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa fún àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Power supply kékeré (àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) tí kò bá lè gbà á mọ́ra á pa ara rẹ̀ kí nǹkan má baà jó.

Ọmọkùnrin kan gbé ọ̀kan wá tó jẹ́ pé bó bá wà lójú ìbẹ̀rẹ̀ géèmù, kò sí wàhálà. Bí ìjà bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, ó ti pa. Mo ṣí i. Ihò méjì tí wọ́n ń ki wáyà iná bọ̀ ló wà lára káàdì rẹ̀, onípíìnì mẹ́jọ-mẹ́jọ. Wáàtì 150 ni ihò kọ̀ọ̀kan lè gbà, ibi tí káàdì jókòó sí lórí bọ́ọ̀dù á sì fi 75 kún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó tò ó fi wáyà kan ṣoṣo tó ní orí méjì dí ihò méjèèjì, ó ní àyè ò sí. Gbogbo ẹrù wá wà lọ́rùn wáyà kan. Èkejì ṣì wà nínú ọ̀rá tí power supply bá wá, wọn ò tiẹ̀ tú u. Mo fi wáyà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí i, mo tẹ ìdérí rẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú ipá díẹ̀, ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ ìjà rẹ̀, kò pa mọ́.

Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ má jẹ́ kí FPS géèmù (iye àwòrán tó ń gbé jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan) kọjá 60, tàbí kí ẹ fi ètò MSI Afterburner dín agbára káàdì kù sí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí kò bá kú mọ́, ó ṣeé ṣe jù kó jẹ́ iná tàbí ooru ló ń bá a jà, kì í ṣe Windows.

Ti ojú tó ń dúdú ńkọ́? Nínú àwọn kékeré, ẹ wo riser dáadáa, ìyẹn wáyà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń so káàdì mọ́ bọ́ọ̀dù nígbà tí àyè kò bá gbà á kó jókòó tààrà. PCIe ni ọ̀nà tí káàdì ń gbà bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, nọ́ńbà tó bá ga jù ló ń yára jù. Riser tí wọ́n ṣe fún PCIe 3.0 pọ̀ níta, wọ́n á sì ki káàdì 4.0 mọ́ ọn, wọ́n á tún ṣẹ́ ẹ po kí ìdérí lè wọlé. Eré tí káàdì fẹ́ sá, wáyà ò lè sá a. Ẹ wọ BIOS (ojú ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ lè ṣí kí Windows tó dé), ẹ yí ojú PCIe yẹn kúrò ní Auto sí Gen3. Ọ̀fẹ́ ni, ojú yín ò sì ní rí ìyàtọ̀ nínú ọ̀pọ̀ géèmù.

Mi ò sọ pé ooru ò ń pa kọ̀ǹpútà o. Ṣùgbọ́n kì í sábà pa á láìṣe ìkìlọ̀. Processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) òde òní á kọ́kọ́ dín eré rẹ̀ kù bí ooru bá ti ń sún mọ́ 95 tàbí 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, géèmù á máa wọ́ tuurutu. Ẹ jẹ́ kí ètò HWiNFO máa kọ ooru sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbá a, kí ẹ sì yọ ìdérí ẹ̀gbẹ́. Bó bá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó kú, ẹ gbọn eruku, kí ẹ wò bóyá ibi tí kò sí ihò ni fáànù káàdì kọjú sí.

Bó bá jẹ́ géèmù nìkan ló ń jáde, driver (ètò tí Windows fi ń darí káàdì) tàbí ráàmù (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) ni mo máa ń wò. Ẹ pa XMP tàbí EXPO, tó ń mú ráàmù sáré ju bó ṣe yẹ fún un lásán, nínú BIOS, kí ẹ sì jẹ́ kí ètò MemTest86 fi òru yẹ ráàmù wò.

Nǹkan kan wà tó máa ń bí mi nínú. Àwọn èèyàn á ṣí Event Viewer, níbi tí Windows ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí, wọ́n á rí àkọsílẹ̀ Kernel-Power 41, wọ́n á sáré lọ ra power supply tuntun. Ohun tí 41 ń sọ kò ju pé kọ̀ǹpútà kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa á bó ṣe yẹ. Ṣé ẹ ò ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀ ni? Àwọn àkọsílẹ̀ mìíràn tó wà nítòsí rẹ̀ ló wúlò. Bí ẹ bá rí Display 4101, Windows dúró de káàdì, kò gbọ́ èsì, ó wá tún driver rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 2 péré ló máa ń dúró. WHEA-Logger ní tirẹ̀ ń nàka sí ohun èlò fúnra rẹ̀: processor, ráàmù tàbí ojú PCIe.

Olóòtú, ẹ bá mi sọ fún òǹkàwé yẹn kó tún kọ̀wé. Kó sọ bó ṣe ń kú, wáàtì power supply rẹ̀, iye wáyà tó lọ sídìí káàdì, àti bóyá riser wà nínú rẹ̀. Kó má sì yí ju nǹkan kan lọ lẹ́ẹ̀kan, torí bó bá yí mẹ́ta pọ̀ tó sì gbọ́, kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá lè tẹ lẹ́tà rẹ̀ jáde, èmi á dá a lóhùn.

Èmi ni tiyín,
Atúnkọ̀ǹpútàṣe tó ń ka ìwé ìròyìn yín