Àbẹ̀kẹ́, Má Di Gbogbo Ẹ̀bi Ru Òjò

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

O kú ewu. Èmi àti bàbá rẹ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa pé nígbà tí ọkọ̀ rẹ yọ̀ lórí omi ní Houston, tó sì lọ kọlu ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹlòmíràn, ẹnikẹ́ni kò fara pa. A ò ní rí irú rẹ̀ mọ́. O sọ lórí fóònù pé òjò ló fà á, àti pé ohun tí o máa kọ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò nìyẹn. Jọ̀wọ́, fara balẹ̀ ná. Mo ti jókòó ka òfin Texas, ìpínlẹ̀ tí o wà.

Òótọ́ ni pé òjò rọ̀. Ṣùgbọ́n òjò kan náà rọ̀ lé àwọn awakọ̀ yòókù lórí, ọ̀pọ̀ wọn sì délé láyọ̀. Ìdí nìyí tí ilé ẹjọ́ fi ń béèrè ohun tí awakọ̀ ṣe lẹ́yìn tó ti rí i pé ojú ọjọ́ kò dára. Òfin ìrìnnà Texas, ní abala 545.351, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sá eré tó ju èyí tó bọ́gbọ́n mu lọ fún ipò tí ọ̀nà wà, ó sì ka ojú ọjọ́ mọ́ ohun tó yẹ kó mú awakọ̀ dín eré kù. Nítorí náà, bí pátákó ẹ̀bá ọ̀nà bá tiẹ̀ gba 60 máìlì ní wákàtí kan láyè, ẹni tó sá 55 nínú òjò tí kò jẹ́ kí èèyàn ríran ṣì lè jẹ̀bi. Abala 545.062 ní tirẹ̀ pàṣẹ pé kí àyè tó wà láàárín ìwọ àti ọkọ̀ iwájú pọ̀ tó láti dúró láìkọlù ú. Ibẹ̀ gan-an ni wọn yóò ti bi ọ́ léèrè.

Ní ọjọ́ 11, oṣù Kejì, ọdún 2021, òjò dídì sọ apá kan ọ̀nà I-35W ní Fort Worth, ìlú mìíràn ní Texas, di yìnyín ní ìdájí, ọkọ̀ tó lé ní 130 rọ́ lu ara wọn, èèyàn mẹ́fà sì kú. Bí ojú ọjọ́ bá lè dá ru ẹ̀bi, ọjọ́ yẹn ni ì bá rù ú. Síbẹ̀, àwọn olùwádìí ìjọba àpapọ̀ yẹ eré tí àwọn awakọ̀ ń sá wò, wọ́n sì tún wádìí bí àwọn tó ń bójú tó ọ̀nà náà ṣe ń ṣọ́ ọ.

N kò sọ pé ìwọ nìkan lo jẹ̀bi o. Ní Texas, kíkọlu ọkọ̀ láti ẹ̀yìn nìkan kò tó láti dá ènìyàn lẹ́bi. Ṣe ni wọ́n ń pín ẹ̀bi náà ní ìdá ọgọ́rùn-ún. Bí òfò rẹ bá jẹ́ 10,000 dọ́là, tí ìpín ẹ̀bi tìrẹ sì jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, wàá gba 8,000. Bí tìrẹ bá kọjá ìdá 50, o kò ní gba kọ́bọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí o rántí bóyá ọkọ̀ iwájú tan iná. Òfin fi dandan lé e pé kí ọkọ̀ tan iná bí ojú ọjọ́ kò bá jẹ́ kí wọ́n rí i kedere láti 1,000 ẹsẹ̀ bàtà.

Bi ara rẹ léèrè pẹ̀lú: ṣé táyà rẹ kò tíì dán? Ṣé wáípà ń nu gíláàsì dáadáa? Ṣé o kò fi ọkọ̀ sí ipò tí yóò máa fi sá eré kan náà fúnra rẹ̀, èyí tó léwu gan-an lójú ọ̀nà tó tutù? Ohun tí o bá rántí ni kí o kọ, má fi kún un, má sì yọ kúrò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ eré àti bíréèkì ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ṣáájú ìkọlù, nítorí náà irọ́ kò ní pẹ́ tú. Bí ọrùn tàbí ẹ̀yìn bá ń dùn ọ́, tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Ọdún méjì péré ni òfin fún ẹni tó fara pa láti pe ẹjọ́.

Ya àwòrán táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fi ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ òní, má sì jẹ́ kí mẹkáníìkì fọwọ́ kan ọkọ̀ náà títí agbẹjọ́rò yóò fi rí i.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.