Ẹ̀yin òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé, aago mélòó lẹ ń bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ ọmọ yín nílé ní Àbújá àti káàkiri òkè Ọya, mo kí yín. Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ.

Sátidé tó kọjá, mo ní kí ọmọdé kan tí ilé wọn kángun sí tèmi ní Kubwa bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí oògùn, torí mo gbàgbé awò ojú mi sílé. Ọmọ ọdún 10 ni. Ó gbà á, ó wò ó, ó yí i sí òdìkejì, ó tún wò ó. Nígbà tó yá ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá, a ò tíì kọ́ ọ débẹ̀." Ó dá páálí padà fún mi, ó sì rọra wọlé lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju ìgbà mélòó ni kí n lo oògùn lóòjọ́ lọ.

Ọmọ yìí ti ń kàwé rí o. Ní ọdún 3 sẹ́yìn, nígbà tó wà ní kíláàsì kejì, mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú fèrèsé mi tó bá ń ka ìwé rẹ̀ sókè. Lẹ́yìn náà ni àwọn òbí rẹ̀ mú un kúrò nílé-ìwé, wọ́n ní àwọn á máa kọ́ ọ fúnra àwọn. Mo lọ bá ìyá rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, ó ń ta aṣọ lórí WhatsApp, ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo bi í pé aago mélòó ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láàárọ̀. Ó ní, "Bí ọjọ́ bá ṣe rí ni, Màmá."

Bí ọjọ́ bá ṣe rí. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó mú ọmọ rẹ̀ wálé. Mo mọ iye tí wọ́n ń gbà nílé-ìwé aládàáni. Mo mọ ohun tí ọ̀nà Kubwa sí Wuse ń fojú ọmọdé rí láàárọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2021, wọ́n kó ọmọ tó lé ní 100 lọ lóru nílé-ìwé kan ní Kàdúná. Ìyá tó bá ní lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ òun kò ní kúrò lójú òun, mi ò lẹ́nu tí màá fi bá a wí. Ọjọ́ tó ń lọ láìsí ẹni tó rí i ló ń bà mí lẹ́rù. Ilé-ìwé, bó ti wù kó burú tó, ó ní agogo. Ta ló ń lu agogo nílé yín?

Èmi náà ti sọ "bí ọjọ́ bá ṣe rí" rí. Ọdún 1984 ni, ní Sábó Zaria. Ọmọkùnrin mi kejì ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí ọyẹ́ bá sì ti mú, egungun a máa ro ó débi pé kò ní lè rìn. Nígbà tí ọjọ́ tí kò lọ sílé-ìwé pọ̀ ju èyí tó lọ lọ, èmi àti bàbá rẹ̀ pinnu pé ká máa kọ́ ọ nílé. Olùkọ́ ni mí, mo gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ Grade II, mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kí n tó fiṣẹ́ sílẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo rò pé kí ló kù? Oṣù àkọ́kọ́ dára. Nígbà tó yá, ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Oníbàárà á dé ní aago 8, mo á ní kí ọmọ dúró ná. Tó bá di ọ̀sán, oorun á mú un. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, oúnjẹ kò tíì délẹ̀. A ní ọ̀la.

Ní ọjọ́ kan mo ṣí ìwé ìkọ̀wé rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ sílẹ̀ kẹ́yìn jẹ́ ti oṣù Kejì. Nígbà tí mo ń wò ó yìí, àgbàdo ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ọkọ̀ ojú irin ni ọmọ yà kún gbogbo ewé tó kù. Bàbá mi, ọmọ Ọ̀fà, tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ rélùwéè, bá mi wo ìwé náà. Kò bú mi. Ó bi mí pé, "Ìyá, aago mélòó ni ọkọ̀ rẹ ń gbéra?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, "Báwo ni ọmọ ṣe máa mọ̀ nígbà náà?" Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ọdún kan lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló tó ṣe WAEC, ọdún kan yẹn sì ń dùn mí títí dòní.

Aago 7 ni mo mú lẹ́yìn náà, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ìwé kíkà, lẹ́yìn náà ìṣirò, lẹ́yìn náà àpèkọ díẹ̀. Kò gùn. Ọmọ ọdún 6 tó bá ti fọkàn sí nǹkan fún bí ìṣẹ́jú 20, ẹ jẹ́ kó lọ ta lébé kó tó padà wá; ẹ má so ó mọ́ àga. Lọ́jọ́ tí ara ọmọ mi kò bá yá, mo á ka ìtàn fún un lórí ẹní, mo á sì kọ ọjọ́ sínú ìwé pé, "Ara rẹ̀ kò yá, mo kàwé fún un." Ojú ewé kò ṣófo mọ́.

Ẹ kọ ọjọ́! Kí ló ṣòro níbẹ̀? Ìwé ìkọ̀wé kan, bírò kan. Ní alẹ́, kí ẹ tó sùn, ẹ kọ ohun tí ọmọ máa ṣe lọ́la sílẹ̀. Ẹ má jí láàárọ̀ kí ẹ máa ronú rẹ̀ níwájú ọmọ, torí kí ẹ tó rò ó tán, ó ti gbé fóònù. Ẹ má sì sọ fún mi pé fídíò ẹ̀kọ́ ló ń wò. Mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ wọn. Ìṣẹ́jú 10 ni ti ẹ̀kọ́, wákàtí 2 tó kù, ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń wò. Ọmọ tí kò ka ohun tó kọ́ padà sí yín létí kò tíì kọ́ ọ.

Ẹ má gbé ètò yín ka iná mànàmáná. Ìṣirò náà, àárọ̀ ni kó wà. Ooru Àbújá ní oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, lẹ́yìn ọ̀sán, àgbàlagbà kò lè ronú nínú rẹ̀. Ọ̀sán dára fún iṣẹ́ ọwọ́: kó ṣa ẹ̀wà, kó ka iye agolo tó wà nínú mọ́dù, kó bá yín ṣírò ṣéńjì. Ẹ fún un ní owó 20 náírà kó yí i padà: ìyá tó ń mọ ìkòkò níbẹ̀, Ladi Kwali ni, orúkọ ìlú rẹ̀ ló ń jẹ́, Kwali kò sì jìnnà sí wa. Ẹ jẹ́ kó fi amọ̀ mọ tirẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kó jáde sáàárín ẹgbẹ́, kó gbọ́ Hausa lẹ́nu àwọn ọmọ Hausa.

Èdè Yorùbá ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ní yóò dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970. Ọdún 6 gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, tí wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Tó bá jẹ́ Yorùbá ni ìyá mọ̀ dénú, kó fi Yorùbá ṣàlàyé ìdá méjì àti ìdá mẹ́rin. Wákàtí kan tó yé ọmọ sàn ju ọjọ́ kan tó ń mi orí lásán.

Ohun kan tún wà. Òfin UBE ti ọdún 2004, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ka ọdún 9 sí ẹ̀tọ́ ọmọ, 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 3 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wá ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí NERDC, àjọ ìjọba tó ń ṣètò ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ nílé-ìwé, ṣe fún kíláàsì tí ọmọ yín ì bá wà, kí ẹ fi wọn ara yín lóṣooṣù. Ìdánwò Common Entrance tí wọ́n fi ń wọ girama kò ní béèrè bí ọjọ́ ṣe rí nílé yín. Bó bá sì di pé ó fẹ́ padà sílé-ìwé, àwọn ìwé ìkọ̀wé tó ní ọjọ́ lára ni ẹ máa gbé síwájú ọ̀gá ilé-ìwé.

Ó ń rẹ̀ yín, mo mọ̀. Bàbá ilé náà ńkọ́? Ṣé ìyá nìkan ló bí i ni? Ẹni tó bá dé láti ibi iṣẹ́ lè gbọ́ eéje lọ́nà mẹ́jọ lẹ́nu ọmọ kó tó jẹun.

Ọmọ tí kò lè ka páálí oògùn fún mi, mo ti bẹ ìyá rẹ̀. Yóò máa wá sọ́dọ̀ mi ní aago 7 títí ìyá náà á fi to ọjọ́ tirẹ̀. Mo ra ìwé ìkọ̀wé olójú ewé 60. Mo ti kọ ọjọ́ Ajé sójú ewé àkọ́kọ́.

Èmi ni, ìyá yín ní Kubwa.