Ẹ Gba Àwọn Ọmọ Wa Lọ́wọ́ Ariwo

Sí Olóòtú,

Mo kí yín fún iṣẹ́ takuntakun tí ẹ ń ṣe. Bí èsì ìdánwò bá jáde tí kò dára, olùkọ́ àti ọmọ nìkan ni a máa ń dá lẹ́bi, ẹnikẹ́ni kì í sì í béèrè ohun tí etí ọmọ náà ń gbọ́ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ládùúgbò wa, ẹni tó ń ta agbo jẹ̀díjẹ̀dí máa ń tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn sílẹ̀, tí ọ̀rọ̀ kan náà á máa tún ara rẹ̀ sọ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Mo rí ọmọ kan tó fi ìka tọ ìlà ìwé tó ń kà. Bí ohùn náà ti dún, ó gbójú sókè, nígbà tó sì máa fi padà sórí ìwé, ìka rẹ̀ ti bọ́ sórí ìlà mìíràn. Bí olùkọ́ bá ti fèrèsé, ooru á mú kó tún un ṣí.

Ní ọdún 1975, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá kan, Arline Bronzaft, gbé ìwádìí rẹ̀ jáde lórí ilé ẹ̀kọ́ kan ní New York tí ọkọ̀ ojú irin ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tí àwọn ọmọ tó wà lápá ojú irin fi máa dé kíláàsì kẹfà, wọ́n ti fi nǹkan bí ọdún kan rẹ̀yìn nínú ìwé kíkà sí àwọn ẹgbẹ́ wọn tó wà lápá kejì, bẹ́ẹ̀ inú ilé kan náà ni gbogbo wọn wà. Wọ́n fi rọ́bà sábẹ́ ojú irin, wọ́n ṣe àjà tó ń dín ariwo kù sínú kíláàsì, ìyàtọ̀ náà sì pòórá. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lákínyẹmí ara, nítorí pé kì í ṣe ẹgba ló tún un ṣe.

Àwa òbí náà ní ìpín tiwa nílé. Bí a kò bá lè pa jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì, a lè pa tẹlifíṣàn tiwa, kí ọmọ sì máa jókòó ti ìwé rẹ̀ ní àkókò kan náà lálaalẹ́, lórí tábìlì kan náà, láìsí fóònù nítòsí, títí kan ti òbí. Bí ara rẹ̀ bá ti mọ́ ọn, a kò ní máa lé e kiri kó tó kàwé.

Àjọ LASEPA, tó ń bójú tó ààbò àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ti ilé ìjọsìn àti ilé fàájì pa rí l'Ékòó nítorí ariwo. Mo bẹ̀ wọ́n, àti àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n yẹ ẹ̀gbẹ́ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wò pẹ̀lú. N kò bá alágbo jà, oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni. Àmọ́ ọjà kò jìnnà síbẹ̀, ibẹ̀ sì ni kí wọ́n fún un láyè.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òbí kan, Agége, Ìpínlẹ̀ Èkó