Àjíkẹ́, ẹ béèrè ìkòkò kí ẹ tó béèrè bẹ́ẹ̀dì

Àdúgbò Under G,
Ògbómọ̀ṣọ́,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Bàbá rẹ ń kí ọ. Ara wọn ti ń mókun, wọ́n ti ń rìn dé ẹ̀bá títì láìmú ọ̀pá dání. Àbúrò rẹ náà ń kí ọ.

Àwọn àwòrán ilé mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi ti dé. O ní kí n bá yín wo èyí tó dára jù kí ẹ dé sí ní Zanzibar, erékùṣù Tànsáníà yẹn. Ìrọ̀lẹ́ méjì gbáko ni èmi àti àbúrò rẹ fi jókòó tì í. Ó ń kà á sí mi létí, ó ń fi máàpù hàn mí, èmi náà ń bi í ní ìbéèrè. Mo lè sọ ọ́ fún ọ lórí fóònù, àmọ́ ọ̀rọ̀ fóònù kì í dé ìdí. Mo fẹ́ kí o ka èyí, kí o sì kà á sétí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ márààrún.

Inú mi dùn pé ẹ ń lọ. Ẹ̀yin mẹ́fà tí ẹ jọ ń jẹun ní búkà mi láti ọdún kìíní ní yunifásítì LAUTECH títí ẹ fi parí, tí ẹ ṣì ń wá ara yín títí di òní, kì í ṣe ohun kékeré lójú mi. Ọ̀nà sì jìn. Láti Èkó, ẹ máa balẹ̀ ní Addis Ababa tàbí Nairobi kí ẹ tó wọ bàálù mìíràn. Ẹni tó rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó débẹ̀ kó wá máa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ bínú nítorí àwo ìrẹsì.

Kí n tó sọ èyí tí mo yàn, ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí.

O rántí ọdún tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa lọ sí Àgbádárìgì? Èmi ni wọ́n ní kí n wá ibi tí a máa dé sí, nítorí pé oúnjẹ ni mò ń tà, wọ́n gbà pé mo mọ ìṣirò. Obìnrin méjìlá ni wá. Mo rí hòtẹ́ẹ̀lì kan tó kọjú sí omi, ilé náà funfun báláú, igi àgbọn yí i ká. Mo sanwó yàrá ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀. Mi ò béèrè oúnjẹ. Mo ní níbi tí omi bá wà, ẹja á wà níbẹ̀, níbi tí ẹja bá sì wà, a ò ní febi sùn.

Nígbà tí a débẹ̀, ọkọ̀ la máa wọ̀ ká tó dé ọjà. Kò sí ẹni tó ń ta nǹkan kan nítòsí àfi hòtẹ́ẹ̀lì náà, iye tí wọ́n sì ń ta àwo oúnjẹ kan, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ni mò ń fi bọ́ ní búkà mi. Àwa tí agbára wa ká a ń rà. Ìyá kan wà láàárín wa, aṣọ àdìrẹ ni wọ́n ń tà. Láti ọ̀sán ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti ní àwọn ń gbààwẹ̀. Gbogbo wa ní kí Ọlọ́run gbà á.

Lóru ọjọ́ kejì mo dìde láti tọ̀. Mo gbọ́ tí omi ẹ̀rọ ń dà ṣùùrùrù nínú balùwẹ̀, kò dáwọ́ dúró. Mo rò pé ẹnì kan ló gbàgbé láti tì í. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Ìyá náà jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ife tí wọ́n fi ń fọ eyín wà lọ́wọ́ wọn, gaàrí ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń fi ṣíbí tíì jẹ ẹ́. Wọ́n ṣí omi sílẹ̀ kí a má baà gbọ́ ìró ṣíbí ni. Wọ́n wò mí, èmi náà wò wọ́n. Ohun tó jáde lẹ́nu mi kò ju "Ẹ kú òru, mà." Wọ́n ní, "O ò tíì sùn?" Mo padà sórí ibùsùn, oorun kò kùn mí mọ́.

Oṣù mẹ́ta kò pé lẹ́yìn ìyẹn tí wọ́n fi yọ owó wọn kúrò nínú ẹgbẹ́. Àwọn yòókù ń bi ara wọn léèrè pé ta ló ṣẹ̀ wọ́n. Èmi mọ̀ pé èmi ni. Èmi ni mo mú wọn lọ síbi tí apá wọn kò ti ká oúnjẹ.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ wo ìkòkò kí ẹ tó wo bẹ́ẹ̀dì. Nínú ẹ̀yin mẹ́fà, ta ni àpò rẹ̀ fúyẹ́ jù? O mọ̀ ọ́n, èmi náà mọ̀ ọ́n, torí èmi ni mo máa ń bù kún àwo rẹ̀ nígbà náà láìjẹ́ kí ẹ fura. Iye tí òun lè san láìyáwó ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n. Má bi í lójú àwọn yòókù, nítorí á ní kò sí wàhálà. Pè é lọ́tọ̀, kí ìwọ kọ́kọ́ sọ iye tí o kò fẹ́ kọjá, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ láti sọ tirẹ̀.

Ó yá, àwọn ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tó wà ní Nungwi, lápá àríwá erékùṣù náà, ló dùn ún wò jù. Omi òkun ibẹ̀ kì í fà lọ títí, ẹ lè lúwẹ̀ẹ́ nígbàkúùgbà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa sanwó, yàrá, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta àti ohun mímu ti wà nínú rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n ní kí ẹ gba ibẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n máa gbé ìwé owó wá bá nídìí tábìlì, ẹni tó ní àti ẹni tí kò ní, ibì kan náà ni wọ́n á ti bu oúnjẹ. Ká ní irú rẹ̀ ni mo rí ní Àgbádárìgì, ìyá aláàdìrẹ ì bá jẹun yó. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀. Owó ọtí wà nínú owó yẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ ará Ìlọrin kì í mu ún, ìwọ kì í mu ún, èyí tó ní ọgbẹ́ inú kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Ẹni mẹ́ta á máa san nínú owó ọtí ẹni mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni o sọ pé ẹ fẹ́ lọ sí oko kànáfùrù lọ́jọ́ kan, ẹ fẹ́ lọ wo ọ̀bọ pupa inú igbó Jozani lọ́jọ́ kejì, ẹ tún fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ kẹta. Ọ̀sán ọjọ́ mẹ́ta lẹ ò ní sí nílé, ẹ sì ti sanwó oúnjẹ ọ̀sán náà sílẹ̀. Iye tí wọ́n ń bèèrè ṣáájú yẹn gan-an ló máa mú kí ọ̀rẹ́ yín tí mò ń wí lọ yá owó.

Ilé kékeré tó wà ní Paje ni mo fẹ́ràn. Yàrá mẹ́ta, ilé ìdáná kan. Bí owó òru kan bá jẹ́ dọ́là 120, dọ́là 20 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan yín, ohun tí ẹ bá sì ra lọ́jà lẹ máa jẹ. Àmọ́ apá ìlà oòrùn ló wà, òkun ibẹ̀ a sì máa fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sán àti òru. Ó máa ń fà jìnnà débi pé ìyanrìn lẹ máa bá níbi tí ẹ ti lúwẹ̀ẹ́ ní wákàtí mẹ́fà sẹ́yìn. Orí ìyanrìn yẹn ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ti ń ṣe oko ewéko òkun, wọ́n á so ó mọ́ okùn bí ẹni sá aṣọ. Àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ, ìgbà tí omi kún ni wọ́n yà á. Èmi ò kà á sí àléébù. Ẹ kàn béèrè ìgbà tí omi máa ń kún, kí ẹ fi ṣètò ìgbà tí ẹ máa dáná.

Àjíkẹ́, ọ̀rọ̀ ilé ìdáná yìí ni kí o fara balẹ̀ gbọ́, torí iṣẹ́ mi ni. Tí onílé bá ní òun ní ilé ìdáná, béèrè ìkòkò. Ìkòkò tó ń se ìrẹsì ẹni méjì kò lè se ti ẹni mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ máa sè é, ti àkọ́kọ́ á ti tutù kí ti ìkẹta tó jinná, ẹ ò sì ní jókòó jẹun pọ̀ lọ́jọ́ kan. Ní kó ya ìkòkò náà ránṣẹ́. Ẹni tó ya bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mẹwàá lè ya ìkòkò lẹ́ẹ̀kan. Gáàsì ńkọ́, ta ló ń rà á? Ṣé fíríìjì ń ṣiṣẹ́? Bí wọ́n bá mú iná lọ, ṣé jẹnẹrétọ̀ wà? Omi mímu ńkọ́? Omi ẹ̀rọ wọn kì í ṣe fún mímu, ẹ máa ra tinú ike ni. Ìrẹsì kóńgò kan, ẹ̀yin mẹ́fà á jẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ méjì. Ẹja, àwọn apẹja á gbé e wá sétí omi. Wo ojú ẹja kí o tó fọwọ́ kàn án. Èyí tí ojú rẹ̀ bá ti wọnú, tí ó ti ṣú, má gbà á bó ti wù kí wọ́n dínwó rẹ̀ tó.

Ẹ pín iṣẹ́ ìdáná kí ẹ tó kúrò nílé, ẹni méjì-méjì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tí owó rẹ̀ kéré di ìyá ìdáná yín. Òun fúnra rẹ̀ ló máa fẹ́ fi ara rẹ̀ sí i. Ẹ má gbà fún un.

Ẹ̀kẹta, yàrá inú Stone Town, oúnjẹ àárọ̀ nìkan ni wọ́n ń fún yín. Ìlú àtijọ́ ni, láti ọdún 2000 ni àjọ UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, ẹ máa fẹsẹ̀ gbé ẹrù yín ni. Mi ò ní kí ẹ sun gbogbo òru yín síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ sùn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú, ọgbà Forodhani sì wà níbẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn olóúnjẹ á kóra jọ síbẹ̀. Ẹran tí wọ́n fi igi gún bíi sùúyà wà, omi ìrèké tí wọ́n fún mọ́ atalẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ wà, ọbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní urojo náà wà. Ẹ béèrè iye kí ẹ tó jẹun, kí ẹ sì mú èyí tí wọ́n bá sun lójú yín. Ẹ wá ìrẹsì pilau jẹ. Kànáfùrù tí mo máa ń fi sí ẹ̀kọ gbígbóná bàbá rẹ ni wọ́n ń fi sè é.

Èyí tó ní kí ẹ lọ ní oṣù Kẹrin nítorí pé owó yàrá já wálẹ̀, sọ fún un pé òjò ló já a wálẹ̀. Láti oṣù Kẹta dé oṣù Karùn-ún ni òjò ńlá wọn, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì míì a tilẹ̀ tìlẹ̀kùn. Ẹ sún un sí oṣù Kẹfà tàbí ìkeje, ilẹ̀ á ti gbẹ, ooru á sì ti dín. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹran tí ọ̀rẹ́ rẹ ará Ìlọrin lè jẹ kò ní wọ́n yín. Ní etí omi, ẹ wọ ohun tó wù yín. Tí ẹ bá wọ àárín ìlú, kí ẹ bo èjìká àti orúnkún yín.

Owó kan wà tí kì í sí nínú owó yàrá, ẹ kà á mọ́ ọn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni ìjọba Zanzibar ti ń gba owó ìbánigbófò dọ́là 44 lọ́wọ́ àlejò. Hòtẹ́ẹ̀lì náà a máa gba owó ìjọba lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lóru kọ̀ọ̀kan, béèrè iye tó jẹ́ lọ́wọ́ onílé. Ẹni tí kò bá ní yẹ́lò káàdì nínú yín, kó lọ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ rẹ̀ báyìí, torí ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá kó tó ṣiṣẹ́.

Ọmọ Ajílété ni ọ́, níbi tí wọ́n gbé ń jẹkà kí wọ́n tó mùkọ yangan. Mo mọ̀ pé ọkà lo máa wá lọ́jọ́ kẹta. Ugali wọn jọ túwó, kò jọ ọkà. Mo ti gún èlùbọ́ díẹ̀ fún yín, mo sì ti jọ̀ ọ́. Mi ò di í sínú ọ̀rá, nítorí orílẹ̀-èdè Tànsáníà ti fòfin de àpò ọ̀rá láti oṣù Kẹfà ọdún 2019, ìwọ náà má di ohunkóhun sínú rẹ̀. Àpò aṣọ ni mo rán, mẹ́fà, mo kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan yín sí tirẹ̀ lára. Ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn.

Ó ku ata gbígbẹ. Bi èyí tó ní ọgbẹ́ inú bóyá kí n yọ ata wẹ́wẹ́ kúrò, kí n fi tàtàṣé nìkan ṣe é. Pè mí kó tó di ọjọ́ Ẹtì, torí ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mò ń gbé e lọ sílé ẹ̀rọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.